Ọdún Tí A Ki Mọ́ńtẹ̀rè ní Ilé Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìlú wo ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa lẹ́yìn Òmù-Èkìtì tí wọ́n bí mi sí, n kò ní í dárúkọ Ìkọ̀lé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í dárúkọ Ọ̀yẹ́ tí a máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìlú kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tí wọ́n ń pè ní Monterrey ni. Ní ilé tiwa, Mọ́ńtẹ̀rè ló ń jẹ́. N kò débẹ̀ rí o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú ìdílé wa tó débẹ̀ títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tí eyín mi ti ń dín, tí àwọn ọmọ sì ti ń pe èmi náà ní Yèyé. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan báyìí, ìlú náà bá wa gbé nínú agbo ilé bí àlejò tó kó ẹrù rẹ̀ wá. A ń bá a jẹun, a ń bá a lọ sódò, àní ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ń fi orúkọ rẹ̀ lé ewúrẹ́. Bí mo bá rántí ọdún yẹn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń pa mí. Ẹkún ibẹ̀ ń bọ̀ níwájú, ẹ ní sùúrù.

Ariwo méjì ló ń darí ilé wa nígbà náà. Ti ìrọ̀lẹ́ ni ti ọmọ odó, nígbà tí ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé bá ń gún iyán, tí ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa, tí àwa ọmọdé á sì ti mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ bóyá iṣu náà dára tàbí ó lómi. Ti òwúrọ̀ ni ti òfì Yèyé. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Òfì rẹ̀ dúró gbọnrangandan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń jókòó síwájú rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ, á máa fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́ra, gbì, gbì, gbì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ kíjìpá á máa ga sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sọ Yorùbá ilé ìwé rí láyé rẹ̀. Ulé ni ilé ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, uṣẹ́ ni iṣẹ́, uyán ni iyán, bí o bá sì fi ti ilé ìwé bá a sọ̀rọ̀, á ní kí o lọ fi omi yọ ẹnu rẹ kí o tó padà wá. Aṣọ rẹ̀ lórúkọ títí dé Ọ̀tùn. Ìyàwó tí wọn kò bá gbé kíjìpá Yèyé fún lọ sílé ọkọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ojú kan wò ó. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ Yèyé ti ń dùn ún. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yáná kí ìka náà tó lè ká. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ń wá ẹni tí yóò jókòó sídìí òfì náà lẹ́yìn òun, gbogbo ilé ló sì mọ ẹni tó ń fojú sí.

Ọmọ́yẹni ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló ń ran òwú tí kì í já. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un, tútù ni, jẹ́jẹ́ ni, bí ó bá jókòó ti Yèyé, àwọn méjèèjì lè wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán láìsọ̀rọ̀. Ní tèmi, Bọ́sẹ̀dé, bí wọ́n bá fi mí jókòó sídìí òwú, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, mo ti wà lórí igi máńgòrò. Yèyé máa ń sọ pé wọ́n gbàgbé láti so ìdí mi mọ́ mi nígbà tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ olùkọ́ ni Ọmọ́yẹni fẹ́ ṣe. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé Mọ́dà, èyí tí a máa ń kà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin tí ìjọ kan dá sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí wa. Wọ́n ní wọ́n á pe àwọn tó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á fi ẹnu bi wọ́n ní ìbéèrè. Bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pè é síwájú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá gbà ọ́, n ó rán ọ lọ, kódà bí n ó bá ta kòkó tó kù lórí igi. Bí wọn kò bá gbà ọ́, o padà sídìí òfì Yèyé rẹ, a ò sì ní sọ̀rọ̀ ìwé mọ́ nínú ilé yìí." Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi." Yèyé ń gbá òwú rẹ̀.

Ibi tí Mọ́ńtẹ̀rè ti wọlé dé nìyí. Tíṣà Fámúyìwá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀tùn tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì, ti gbọ́ pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn ìlú kan tí kò sí ní Áfíríkà, àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ó bá pín ìlú fún wọn ní kíláàsì. Àwọn tó yá ojú gba Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gba Róòmù, ẹnìkan tilẹ̀ gba Jerúsálẹ́mù, tó ní òun ti mọ ìdajì rẹ̀ láti inú Bíbélì. Ọjọ́ náà, Bàbá ti ní kí Ọmọ́yẹni kọ́kọ́ bá òun yí kòkó tó wà lórí ẹní nínú oòrùn. Kí ó tó dé ilé ìwé, Mọ́ńtẹ̀rè nìkan ló ṣẹ́kù, nítorí kò sí ọmọ tó lè pè é. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìdí ọbẹ̀, egungun ni yóò bá.

Ó kà á, ó kà á. Gẹ̀ẹ́sì inú ojú ewé kan ṣoṣo tí Tíṣà fún un le bí igbá ẹ̀yìn ahun. Bí ó bá há a sórí ní òwúrọ̀, tó bá fi di ọ̀sán, ó ti fò lọ. Ní ọjọ́ kan, ó ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé, omijé ń já bọ́ sórí òwú funfun yẹn. Yèyé dáwọ́ dúró.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ìlú kan ni, Yèyé."

"Ulú? Ulú wo ló nà ọ́?"

Ọmọ́yẹni ṣàlàyé fún un. Yèyé ní, ó dára, kí ó sọ fún òun nípa ìlú náà. Ọmọ́yẹni bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìwọ̀n òjò àti iye ìwọ̀n oòrùn. Yèyé pòṣé. "Ṣé ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn? Ta ló tẹ̀ ẹ́ dó? Níbo ni wọ́n ti wá? Òkè wo ló wà lẹ́yìn wọn? Odò wo ni wọ́n ń pọn? Uṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?" Ọmọ́yẹni yẹ ojú ewé náà wò, kò sí nínú rẹ̀. Yèyé ní, "Ẹ ò mọ ulú yìí. Orúkọ rẹ̀ lásán lẹ mọ̀. Ulú tí èèyàn kò bá lè kì, kò tíì débẹ̀. Lọ bi tíṣà rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé nílùú bíi tiwa nígbà náà, ẹ mọ̀ pé ohun tó sọ kì í ṣe àwàdà. Oríkì ìlú ni ìwé ìtàn wa. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti máa ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀, ìjà tí wọ́n jà, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Tíṣà Fámúyìwá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọmọ́yẹni kó ìbéèrè Yèyé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó rí i pé òun náà kò mọ ìdáhùn. Ó wá ìwé ńlá kan yá, ó kà á, ó sì gbé ìdáhùn náà wá fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Kí n má purọ́, iyán ìyá mi wà lára ohun tó ń gbé e wá. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí a kì í rí i.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń sọ, Yèyé ń hun aṣọ, ó ń bi í léèrè. Ó ní òkè ńláńlá ló yí ìlú náà ká, èyí tó lókìkí jù nínú wọn rí bíi gàárì tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin. Ó ní odò wọn máa ń gbẹ kanrinkanrin láti ọdún dé ọdún, àyàfi bí òjò ńlá bá rọ̀ lórí òkè, nígbà náà ni yóò kún tí yóò sì gbé ilé lọ. Ó ní àwọn òyìnbó Sípéènì ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi sílẹ̀, ìgbà kejì, wọ́n fi sílẹ̀, ìgbà kẹta ni ìdílé méjìlá wá jókòó sétí ìsun omi kan, tí ìlú fi dúró.

Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní, "Háà, ulú gidi ni. Àwa náà ṣí, a tún ṣí, kí a tó dé ibí. Ṣé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá?"

Tíṣà ní rárá, ó ní àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀.

"Wọ́n kí onílẹ̀ bí?"

Tíṣà Fámúyìwá wo ilẹ̀. Ó ní, "Mà, wọn kò kí wọn. Wọ́n fi tipátipá wọ̀ ọ́ ni."

"Ìdí tó fi tú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn," ni Yèyé wí, ó sì gbá òwú rẹ̀ gbì. "Ìyẹn náà á wọ inú oríkì. A kì í fi ohun tí kò dáa pamọ́ fún ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìlú tí kò sí ẹni tó rí i. Yèyé ló ń dá a, Ọmọ́yẹni ń gbà á, èmi náà ń jí i gbọ́ láti orí igi. Apá tó dùn mọ́ gbogbo ilé jù ni apá ọtí. Tíṣà ní nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà, àwọn kan dá ilé ìpọntí ńlá sílẹ̀. Ọtí pọ̀, ìgò kò sí, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìgò sílẹ̀. Ìgò wà, wọ́n ń fẹ́ ìdérí, wọ́n ń fẹ́ páálí tí wọn yóò kó o sí, wọ́n tún dá ìyẹn náà sílẹ̀. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọ̀mùtí náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Tíṣà sọ pé wọ́n tún ń sun òkúta nínú iná ńlá títí yóò fi di irin. Bàbá mi tó ń pọ́n àdá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbé orí sókè. Ògún ni wọ́n ń bọ ní ìdílé bàbá mi kí ìyá mi tó fa ìdajì wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìlú tó ń sun òkúta di irin, tí ojú irin sì gba inú rẹ̀ kọjá? Ògún ló ni ín. Ẹ fi sí i." Ohun kan ṣoṣo tó sọ sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Wọ́n fi sí i. Nígbà tó parí, bó ṣe rí nìyí, mo ṣì lè kì í fún yín lójú oorun:

Mọ́ńtẹ̀rè, ọmọ Òkè Gàárì,
gàárì tí ẹṣin kan ò gbé rí.
Ọmọ olódò gbígbẹ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ nínú rẹ̀,
ọjọ́ tó bá kún, ó gbé tewúrẹ́ tolówó ewúrẹ́.
Wọ́n bá onílẹ̀ nílẹ̀, wọn ò kí onílẹ̀,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tú,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ́n ká,
ìdílé méjìlá létí ìsun ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.
Ọmọ apọntí-tán-kó-tó-wá-ìgò,
ọmọ arọ̀gò-tán-kó-tó-wá-ìdérí.
Ọmọ asunkúta-di-irin,
Ògún ló nilé, Ògún ló lójú irin.

Ìyá mi gbọ́ ìlà ìkẹyìn yẹn, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Ilé ìwé ìjọ lẹ ń rán ọmọ lọ, ẹ fi Ògún sí i lẹ́nu! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé e jáde ni?" Bàbá ní ohun tí irin ń jẹ́ ni òun sọ. Wọ́n fà á títí, Ọmọ́yẹni wá ṣèlérí fún ìyá mi pé bí òun bá débẹ̀, òun á fo ìlà náà. Ní ti ìdúró, Yèyé kò gbà rárá kí ó dúró kì í. Ọmọbìnrin kì í nàró níwájú àgbà kó máa ki ìlú, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bí ó bá gbàgbé tó dúró, Yèyé á ní kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ìkúnlẹ̀ àti oríkì náà ṣe so pọ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀, a ò sì mọ̀ pé a ti dá ọ̀ràn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Bàbá fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ibi tí ọkọ̀ wà, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Bàbá ló dúró sẹ́yìn fèrèsé tó ń gbọ́ ọ, Ọmọ́yẹni sì ti sọ ọ́ fún wa ní àìmọye ìgbà. Ènìyàn méjì ló jókòó sẹ́yìn tábìlì: òyìnbó obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti àlùfáà àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, ó dáhùn dáadáa. Wọ́n bi í pé ìlú wo ló mọ̀, ó ní Mọ́ńtẹ̀rè ní Mẹ́síkò. Òyìnbó náà fara sún síwájú, ó ní kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu kàn án rí, ó sì fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ pé, ó yá, máa sọ nípa rẹ̀. Bí Ọmọ́yẹni ṣe gbọ́ "ó yá" tí Yèyé fi máa ń ní kí ó bẹ̀rẹ̀, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó la ẹnu, Yorùbá ló jáde: "Mọ́ńtẹ̀rè, ọmọ Òkè Gàárì!"

Bàbá ní òun fi ọwọ́ bo ojú òun lẹ́yìn fèrèsé. Òyìnbó náà ń sọ pé kí ó dìde, kí ó dìde, ó rò pé ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ ni. Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ó jẹ́ kí ó parí. Ọmọ́yẹni kò lè dá a dúró mọ́, bí omi tó já ni. Ó kì í, ó kì í, ó dé ibi irin, ó rántí ìyá mi, ó dákẹ́ lójijì. Àlùfáà ní, "Oríkì kì í parí síbẹ̀ yẹn. Kí ló kù?" Ọmọ́yẹni ní òun kò lè sọ ọ́. Ó ní, "Sọ ọ́." Ó bá fi ohùn kékeré sọ ọ́: Ògún ló nilé, Ògún ló lójú irin. Bàbá ní àlùfáà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Ó ní, "Yèyé mi ni, sà." Ó ní, "Ó dára. Nísinsìnyí, dìde, kí o fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀gá wa."

Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń sá fún un láti ìgbà yìí wá, ó bá a níbẹ̀, nítorí ó ti wá mọ ohun tó ń sọ. Òyìnbó bi í pé kí ló dé tí ìgò fi pọ̀ níbẹ̀, ó ní nítorí ọtí. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní nítorí wọn kò kí onílẹ̀. Òyìnbó náà kọ nǹkan sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bojú jẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹ wo bí ilé ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìyá mi kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ nítorí Ògún. Bàbá kò bá Yèyé sọ̀rọ̀ nítorí ìkúnlẹ̀. Ọmọ́yẹni kò jẹun. Yèyé nìkan ló ń hun aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ń wò ó pé inú rẹ̀ lè máa dùn, nítorí bí wọ́n bá lé Ọmọ́yẹni padà, òun ni yóò jèrè rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, iyán wà nínú odó, a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ láti òpin àdúgbò, kríń kríń kríń. Tíṣà Fámúyìwá ni, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò tilẹ̀ ráyè kí ẹnikẹ́ni. "Ó wọlé! Wọ́n ti pe orúkọ! Ọmọ́yẹni wọlé!" Ìyá mi ju ọmọ odó sílẹ̀. Bàbá mi, tí n kò rí i kí ó jó rí, gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tún gbé èkejì, ó jó o! Àwọn ará ilé tú jáde, gbogbo wa ń ki Mọ́ńtẹ̀rè lóhùn rara, èmi ni mo pariwo jù.

A ò tètè fura pé òfì kò dákẹ́. Gbì, gbì, gbì. Yèyé kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ rí i. Ó rìn lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀.

Yèyé kò wò ó. Ó ní, "Ta ni yóò wá jókòó síbí?"

Ẹkún gbọn Ọmọ́yẹni. Ó ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ kí n dúró. N kò ní lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

"Ta ló ní kí o dúró?" Yèyé jágbe mọ́ ọn, gbogbo wa ló fò. Ó wá yí padà, a rí i pé ojú rẹ̀ ti rin fún omijé. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bi ọ́ pé ta ló tẹ ulú náà dó, mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń já òwú mi. Mo sì ń já a lọ. Ṣé o rò pé mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa ka iye ìwọ̀n òjò ni? Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n o máa lọ. Dìde, má ba aṣọ rẹ jẹ́."

Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń wá ènìyàn láàárín wa. "Bọ́sẹ̀dé."

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá Bọ́sẹ̀dé mìíràn wà.

"Ìwọ ni mò ń pè. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Mo ní, "Yèyé, èmi kọ́! Ìdí mi kì í jókòó!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹnìkan tó gbèjà mi, kódà Tíṣà, ó ti dojú kọ iyán. Mo fọ ọwọ́ mi, mò ń sunkún kíkan kíkan. Yèyé sún díẹ̀ kí n lè ráyè jókòó.